Wọ́n Ní "A Ti Gbọ́", Mo Ní Wọ́n Ti Gbà

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ ká yanjú ìyẹn ná. Mi ò ka ìwé ẹ̀rọ, mi ò mọ bí wáyà ṣe ń gbé iná, bí gílóòbù bá jó nínú yàrá mi ní Kokomlemle níbí, aládùúgbò ni mo máa ń ké pè. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n gbọ́ ohun tí ẹnì kan sọ ní èdè kan, kí n sọ ọ́ fún ẹlòmíràn ní èdè mìíràn. Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, Twi, Gã, àti ìwọ̀nba Hausa tí mo fi ń ná ẹran. Iṣẹ́ aláìmọ̀kan.

Aláìmọ̀kan yìí náà ló dá ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé tò dúró gbagidi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sì fi ṣe é.

Morónfólú ni orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Accra ni mo gbé dàgbà. Àwọn ará ibí máa ń pè wá ní Alata bí wọ́n bá fẹ́ ra ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ wa, wọ́n á sì pè wá ní Anago bí a bá ti kọ̀ tí a ò dín owó rẹ̀ kù fún wọn. Àwa náà ní orúkọ tí à ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ọmọlúàbí ni èyí.

Phoebe ni ọ̀gá mi. Ọmọ Gã ni, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Injiníà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀, kì í rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń jẹ kenkey bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ wò. Òun ló dá ilé iṣẹ́ Ogya Foforo sílẹ̀, ìyẹn "iná tuntun" lédè Twi.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agbogbloshie, níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò àlòkù wẹ́wẹ́, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń yọ́ irin àlòkù di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Ìléru wọn kì í kú. Ooru inú rẹ̀ ń bá èéfín lọ sójú ọ̀run lásán. Ohun tí Phoebe fẹ́ ṣe ni kó mú ooru yẹn kó tó sá lọ, kó fi hó oje kan tó máa ń yára hó ju omi lọ, kí atẹ́gùn tó bá ti ara oje náà jáde máa yí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ sì máa fún wa ní iná mànàmáná. Wọn ò sun epo, wọn ò dá èéfín tuntun sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja inú ọjà ni yóò kọ́kọ́ fi iná náà mú ilé yìnyín wọn ṣiṣẹ́, nítorí iná ìjọba ti fi ojú wọn rí màbo. Dumsor ni wọ́n ń pè é níbí: ó lọ, ó dé, ó tún lọ.

"Ooru àdànù ni, Auntie Folú," bẹ́ẹ̀ ni Phoebe máa ń sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Ooru tí kò sẹ́ni tó ń lò ó."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti la ẹnu mi. Mo mọ ẹni tó ń lò ó.

Ooru ìléru náà kì í gòkè tààrà. Ó máa ń kọ́kọ́ gba inú ògiri bíríkì gígùn kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà kó tó kan ọ̀pá èéfín. Ìta ògiri yẹn máa ń gbóná bí ìkòkò orí ààrò. Ibẹ̀ ni Ìyá Àlàní, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti àwọn obìnrin ọlọ́ṣẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sá èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo kòkó wọn nígbà òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ láìbéèrè ibi tó ti wá, èèpo tí kò bá gbẹ kì í jó di eérú, bí kò bá sì sí eérú, kò sí ọṣẹ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí òjò Accra bá ti dé, ògiri yẹn nìkan ló kù.

Oòrùn Òjò ni wọ́n sọ ògiri náà. Ẹni tó bá fún nǹkan lórúkọ kò tíì kà á sí àdànù, àbí?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹni tó tàn mí fún yín, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi tàn mí. Pásítọ̀ Olúwajùwọ́nlọ ni. Ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni, ó ń ṣe báńkì láàárọ̀, ó ń ṣe ìjọ nírọ̀lẹ́. Mi ò tíì mọ èyí tó fi ń bo èkejì láṣìírí. Òun ló bá Phoebe wá àwọn olówó láti Jámánì. Àwọn ará Jámánì ní àwọn ò ní gbé ẹsẹ̀ bí àwọn ará àdúgbò kò bá fọwọ́ sí i.

Ó gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lórúnkún.

"Sister Folú," ó ní, "Ọlọ́run ń gbé yín ga."

"Ibo ló ń gbé mi lọ?"

"Bí àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ yẹn bá ti gbà, ẹ̀yin ni dáírẹ́kítọ̀ fún ọ̀rọ̀ ará ìlú. Ọ́fíìsì tiyín. Káàdì tiyín. Lẹ́yìn òjò, ẹ̀yin lẹ máa ṣojú wa ní Jámánì. Ẹ máa dúró lórí pèpéle, gbogbo ayé á máa wò yín."

"Tí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń gba ọrẹ. "Àwọn ìyá wa máa ń gbà. Bí èèyàn bá ṣe bi wọ́n ló wà."

Mo délé, mo dúró níwájú dígí. "Dáírẹ́kítọ̀ Morónfólú," ni mo wí. Dígí ò kọ̀. Mo tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan nínú yín ti ta ju èyí lọ nítorí àga ìwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni ìpàdé náà bọ́ sí, oòrùn ń mú ganrínganrín. Pásítọ̀ ò sí níbẹ̀, ó wà ní báńkì. Èmi, Phoebe, àti àwọn obìnrin náà la dúró lẹ́bàá ògiri. Phoebe sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n máa fi ìbora nípọn kan bo ògiri náà látòkè délẹ̀ kí ooru má baà sá jáde mọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ń lò ó, ṣé wọ́n gbà?

Mo yí i sí Yorùbá. Mo yí i bí ẹni tó ń yí àkàrà, kí ibi tó jó má baà hàn.

Ìyá Àlàní wo ògiri, ó wò mí. "Morónfólú, ìbora yẹn, ṣé ó máa ń ṣí?"

"Á ṣí, Ìyá. Tó bá yá."

"Tí kí ló bá yá?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti yá náà ni."

Zuweira, obìnrin Hausa tó ń sá ata tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo wọn, túbọ̀ sún mọ́ ibi tí mo wà. Ó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ. "Folú, ojú rẹ ń sá kiri bí ajá tó jẹ ẹran ọdún," ó ní.

Ìyá Àlàní gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Ó kọjú sí Phoebe, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ wá sọ fún wa. A ti gbọ́."

A ti gbọ́. Ẹ̀yin tí ìyá bí sílé Yorùbá, mo ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún yín? Bí àgbà bá fẹ́ nǹkan, á ní "a dúpẹ́," á béèrè ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ ẹ, tí kò sì fẹ́ dójú ti àlejò, á ní "a ti gbọ́," á lọ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, kò jẹ́ kó dún.

"Kí ni wọ́n wí?" Phoebe bi mí.

"Wọ́n ti gbà," ni mo wí. "Wọ́n sì ní kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ yín."

Phoebe bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó nù ún títí mo fi rò pé dígí rẹ̀ máa lu. "Wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà."

"Ó dáa," ó ní, ó gbé awò rẹ̀ padà sójú.

Báyìí ni wọ́n ṣe bo Oòrùn Òjò. Àwọn obìnrin náà ò jà, oòrùn ojú ọ̀run ṣì ń ràn, mo sì ti sọ fún wọn pé ìbora náà máa ṣí. Èmi náà rò ó pé kí òjò tó dé, mo máa ti wá nǹkan sọ. Ohun tí èmi ò tíì rí rí ni kí nǹkan sísọ wọ́n mi.

Òjò dé.

Ìyá Àlàní pè mí lórí fóònù. Inú mọ́tò Phoebe ni mo wà, òun ló ń wakọ̀, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Morónfólú, ògiri ti tutù bí imú ajá. Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí ìbora?"

"Ìyá, wọ́n ń ṣe nǹkan sí i."

"Èèpo wa ti ń hu olú. Àwọn aládùúgbò ń di imú. Sọ fún ọ̀gá rẹ."

"Ọ̀gá wo? Ìyá, ẹ fi ti gbígbẹ yìí sílẹ̀, ó jókòó tì mí níbí bí ẹja ṣáwá. Kò mọ̀ ju wáyà lọ. Orí rẹ̀ kún, àyà rẹ̀ ṣófo. Ẹ fún mi láyè, màá yí i lórí."

Phoebe ń wo títì. Ó tan ohun tó ń nu òjò lójú dígí mọ́tò, ó sì tún un tàn bó ṣe yá sí i.

Ẹ ò mọ iye irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí mo ti sọ lójú rẹ̀. Mo ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wé igi sùyà. Mo ti ròyìn ọkùnrin tó já a jù sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, tèmi ti ẹ̀rín, Phoebe ń mu tíì níwájú wa. Èdè ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo ní ilé tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́rí ni.

Ọjọ́ ìṣíde ẹ̀rọ pé. Wọ́n ta kánópì sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà, òjò winniwinni ń sẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja wọ aṣọ ńlá. Pásítọ̀ wọ kóòtù, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ méjì-méjì. Obìnrin òyìnbó kan ti Jámánì wá, ó ga, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn bíríkì. Wọ́n tan gílóòbù kan tí ìléru fi ooru rẹ̀ gbé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Kí n má purọ́ lórí ìyẹn: ó rẹwà. Kò hó yee bí jẹnẹrétọ̀, kò rùn. Ó kàn ń tàn ni. Bàbá ẹlẹ́ja kan ń sunkún.

Ibi tí a ti ń pàtẹ́wọ́ ni òórùn kan ti dé.

Àwọn obìnrin ọlọ́ṣẹ ń bọ̀ nínú òjò, Ìyá Àlàní ló ṣíwájú, kálukú wọn ru agbada èèpo tó ti rà tó ti dúdú. Wọn ò pariwo. Wọ́n to àwọn agbada náà síwájú òyìnbó bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí i. Ọmọlúàbí kò gba ìsinmi.

Òyìnbó bo imú rẹ̀, ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì: "Wọ́n sọ fún wa pé àwọn ìyá wọ̀nyí gbà. Kí ló yí padà? Bá mi bi wọ́n."

Gbogbo ojú wá sára mi. Pásítọ̀ ń fi ojú sọ fún mi pé Jámánì, Jámánì.

Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo la ẹnu. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀. "Ìyá, ó ní ẹ kú òjò, ṣé ara yín le?"

Ìyá Àlàní wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó wọ bàtà. "Kí ni ó kàn án nínú ara mi? Sọ fún un pé ògiri wa ni wọ́n bò mọ́lẹ̀. Sọ fún un pé a ò lè se ọṣẹ."

Mo kọjú sí òyìnbó. "Ó ní inú wọn dùn láti rí yín. Èèpo yìí, àṣà ìkíni wọn ni."

"Ìyá." Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn mi. "Kò bi yín bẹ́ẹ̀."

Yorùbá ni. Yorùbá tó rọ, tó ń fi ohùn Gã rìn, bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Mo yíjú padà. Phoebe ni.

"Ó ní, wọ́n ti sọ pé ẹ gbà," Phoebe ń wí, ó ń wá ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan. "Ó ń bi yín… ṣé ẹ gbà?"

Ìyá Àlàní dìde lórí ìkúnlẹ̀. "A gbọ́," ó ní. "A ò gbà. A ò fìgbà kan gbà."

Phoebe yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún òyìnbó, láìfi ohunkóhun kún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìtìjú ní oríṣiríṣi. Ti èké tí wọ́n mú tún fúyẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni igi sùyà. Ẹja ṣáwá. Ọkùnrin tó já a jù sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ to jọ, wọ́n ń kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló bí ọ, ọmọ yìí?" Ìyá Àlàní ń bi Phoebe.

"Ìyá ìyá mi… Cow Lane. Ilé Àrówólò."

Ariwo bẹ́. Àdúgbò àwọn Yorùbá àtijọ́ ni Cow Lane l'Accra níbí. "Ọmọ ọmọ Ìyá Ọláídé! Ìyá Ọláídé tó kọ́ mi ní ọṣẹ! Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Látọdún tí wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà ni ìyá ìyá mi ti ní kí ará ilé wa má sọ Yorùbá síta mọ́. Títí ó fi kú. Mo ń gbọ́ ọ. Ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n sọ."

Àwọn obìnrin náà ń nu ojú. Zuweira náà ń nu ojú, òun tí kò mọ Ìyá Ọláídé rárá. Èmi nìkan ni ojú mi gbẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí mi ni.

"Phoebe," ni mo wí, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì wí i kí òyìnbó lè gbọ́. "Ṣé o gbọ́ Yorùbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ìyá yìí ní 'a ti gbọ́,' o gbọ́ ọ."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Má nù ún! Dá mi lóhùn!"

"Sister Folú, ẹ̀mí Ọlọ́run ò sí nínú ohùn yìí," Pásítọ̀ wí, ó di apá mi mú.

"Nínú tèmi nìkan kọ́ ni kò sí, Pásítọ̀. Ẹ fi apá mi sílẹ̀."

Phoebe ń nu awò rẹ̀ lọ. Òjò ń sẹ̀. Gílóòbù ń tàn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Òyìnbó jókòó, Phoebe jókòó, Pásítọ̀ dúró bí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ó ti rí ọ̀nà àbáyọ. "Kò sẹ́ni tó purọ́," ó ní. "Àṣìgbọ́ ni. Sister Folú ti pẹ́ ní Accra jù. Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀ mọ́. 'Gbọ́' àti 'gbà' dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Kó kàn sọ bẹ́ẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ká dárí jì í, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà fún un."

Òyìnbó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wù ú bẹ́ẹ̀. Àṣìgbọ́ kì í ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ẹ wò ó, mo lè jẹ́ èké. Mo lè jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sọ èyí tó ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n pé Yorùbá mi ò jinlẹ̀? Èmi tí mo ń fi òwe bú aládùúgbò, tí yóò di ọjọ́ kejì kó tó mọ̀ pé wọ́n bú òun? Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní kí n bọ́ síta wí pé n kò mọ ìyàtọ̀ gbọ́ àti gbà?

"Rárá," ni mo wí.

"Sister Folú…"

"Mo ní rárá. Yorùbá mi jinlẹ̀ débi tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè rì sínú rẹ̀. Mo gbọ́ ìyá yẹn dáadáa. Mo purọ́ ni. Nítorí ọ́fíìsì, nítorí Jámánì, nítorí orúkọ tí Pásítọ̀ fi há mi lọ́nà ọ̀fun." Mo kọjú sí òyìnbó. "Èmi purọ́. Injiníà yìí gbọ́ irọ́ náà, ó nu awò ojú rẹ̀, ó ní 'ó dáa.' Bí ẹ bá fẹ́ kámẹ́rà, ẹ tàn án. Ohun tí màá sọ níwájú rẹ̀ nìyẹn."

Wọn ò tan kámẹ́rà o.

"Èmi rò pé ẹ ti padà lọ yanjú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá náà ni," Phoebe wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ìwọ rò bẹ́ẹ̀, àbí ó rọrùn fún ọ láti rò bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n yọ mí níṣẹ́ kí n tó jáde. Pásítọ̀ gbàdúrà fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó fi pamọ́, kó lè rí nǹkan lò lọ́jọ́ tirẹ̀. Òyìnbó pàṣẹ kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n ká ìbora kúrò, títí tí àwọn obìnrin náà yóò fi ti ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Oòrùn Òjò padà gbóná. Ilé yìnyín àwọn ẹlẹ́ja sì padà sínú dumsor. Bí mo bá gba ọjà kọjá báyìí, àwọn ẹlẹ́ja á máa sọ òkò ọ̀rọ̀ sí mi lédè Gã. Èmi náà a máa sọ tèmi padà. Èdè wọn kò wọ́n mi.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Àlàní. Ó ń ro ọṣẹ nínú ìkòkò, kò gbójú sókè.

"Dìde. Ò ń kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń wá yẹtí tó já bọ́."

"Ìyá, ẹ má bínú. Mo purọ́."

"Irọ́ kọ́ ni mo ń bínú sí. Àwa náà ń sọ fún oníbàárà pé ọṣẹ yìí ń sọ arúgbó di ọmọge. Ẹnu mi lo fi purọ́, Morónfólú. O wọ inú ẹnu mi láì kan ilẹ̀kùn." Ó ro ọṣẹ náà lọ, ó rò ó bọ̀. "Sọ fún ọmọ Cow Lane yẹn, bó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, kó wá fúnra rẹ̀. A ò fẹ́ ògbufọ̀ kankan mọ́."

Mo jíṣẹ́ náà. Ẹ wò mí dáadáa, mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Phoebe wá sílé mi, ó ra kenkey àti ẹja díndín dání. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi nítorí àga kò sí. Ó ní ìdajì ògiri ni òun fẹ́ báyìí, kí àwọn obìnrin náà máa lo ìdajì yòókù. Mo ní ṣé ìdajì á tó wọn? Ó ní òun ò mọ̀. Àwọn náà ò mọ̀, ó ní, ìgbà tí òjò bá mú gan-an ló tó máa hàn. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá gbà lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ará Jámánì á tú ẹ̀rọ náà, wọ́n á kó o lọ sí ìlú mìíràn, àwọn ẹlẹ́ja á sì máa da ẹja tó bàjẹ́ nù.

"Auntie Folú," ó ní, "mo gbọ́ ohun tí ẹ pè mí nínú mọ́tò."

"O gbọ́ èyí tó pọ̀ ju ìyẹn lọ."

"Ẹ kọ́ mi."

"Kí n kọ́ ọ ní kí ni?"

"Mo mọ̀ pé ọ̀nà kan wà. Ìyá ìyá mi máa ń ṣe é. Irú ìkúnlẹ̀ kan wà, irú ọ̀rọ̀ kan sì wà, tí àgbàlagbà kò ní lè kọ̀ mọ́, bó tilẹ̀ fẹ́ kọ̀. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Ọ̀nà náà wà lóòótọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Kí ó kúnlẹ̀, kó má dìde bí wọ́n bá ní kó dìde. Kó fi Ìyá Ọláídé tó ti sùn bẹ Ìyá Àlàní, kó ní kó wo ti ọwọ́ tó kọ́ ọ ní ọṣẹ. Ẹni tí wọ́n bá fi òkú olóore rẹ̀ bẹ̀ kò lẹ́nu láti kọ̀. Ìyá Àlàní máa gbà. Á fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á, Phoebe á fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, òyìnbó á fi kámẹ́rà yà á, kò sì ní sí irọ́ kan níbẹ̀.

Mo ní kí Phoebe fún mi ní ọjọ́ kan kí n rò ó. Ọ̀la ni ọjọ́ náà.

Ṣé kí n kọ́ ọ?